Òtútù ìpẹ̀kun ayé: kí ló ń mú èèyàn àti ẹranko yè é?

Dámilọ́lá_A

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ òtútù ni mo gbé wá o. Mo kà á pé lọ́jọ́ 21 oṣù Keje ọdún 1983, ní ibùdó ìwádìí Vostok tí àwọn ará Soviet kọ́ sí Antarctica, òtútù já wálẹ̀ dé ìwọ̀n 89.2 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ká gbà pé ibẹ̀ kì í ṣe ibùgbé èèyàn, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mélòó kan ló wà níbẹ̀. Oymyakon ńkọ́? Abúlé gidi ni, ní Yakutia tó wà ní Rọ́ṣíà. Wọ́n ń bímọ níbẹ̀, ọmọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́, wọ́n ń sin màlúù àti ẹṣin. Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n 67.7 nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n kọ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1933.

Kí ló gbé wọn ró? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wọn yàtọ̀ ni? Àwọn ẹranko tí kò lè dáná, tí kò lè ránṣọ, kí ni wọ́n gbójú lé? Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n torí àbúrò mi obìnrin ń lọ kàwé ní Fairbanks, ní Alaska, níbi tí ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo kì í ti í ṣe ohun àjèjì. Àwọn kan ti ń sọ fún un pé aláwọ̀ dúdú kò lè fara da irú òtútù bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

TísàÀjàní

Dámilọ́lá, o ṣeun tó o gbé e wá. Ìdí ọ̀rọ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ooru tó ń jáde lára ẹ̀dá ló ń pa á nínú òtútù. Ara èèyàn fẹ́ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 37 nígbà gbogbo. Tó bá ti wálẹ̀ kọjá 35, èèyàn á máa gbọ̀n, ahọ́n á wúwo, ìpinnu rẹ̀ á sì máa dàrú. Tó bá tún wálẹ̀ sí i, gbígbọ̀n náà á dáwọ́ dúró, ibẹ̀ ló sì burú jù, torí agbára tí ara fi ń jà ti tán. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń bọ́ aṣọ sílẹ̀ lákòókò yẹn, nítorí ó ń ṣe wọ́n bíi pé ooru ń mú wọn.

Ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde kò pọ̀. Atẹ́gùn ń gbá a lọ. Ohun tútù tí ara bá kàn ń fà á. Omi tàbí òógùn tó wà lára ń gbà á bó ṣe ń gbẹ. Ara fúnra rẹ̀ sì ń tú u síta. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó bá dúró jẹ́ẹ́ kì í tètè gba ooru lọ́wọ́ ẹni, ìdí nìyẹn tí irun, ìyẹ́ àti aṣọ òtútù fi ń ṣe iṣẹ́ kan náà: wọ́n ń há afẹ́fẹ́ mọ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kì í mú ooru wá, ooru tìẹ ló ń bá ẹ pa mọ́.

Wo kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun ti Àríwá. Etí rẹ̀ kéré, imú rẹ̀ kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ rí ródóródó. Ibi tí ooru lè gbà jáde ti dín kù nìyẹn. Irun wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá. Tó bá fẹ́ sùn, á ká ara rẹ̀ jọ, á fi ìrù bo imú. Lọ́dún 1950, Per Scholander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Point Barrow, Alaska jáde. Wọ́n rí i pé ní ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yìí kò tíì ní í sapá láti mú ooru kún ooru. Àwọn ẹranko ilẹ̀ olóoru tí wọ́n fi wé e ti ń tiraka kí ìwọ̀n tó wálẹ̀ dé 20 LÓKÈ òdo.

Béárì funfun ní ọ̀rá lábẹ́ awọ tó lè nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ó sì ní irun ìsàlẹ̀ tó kí pọ́pọ́ àti irun òkè gígùn. Ooru gan-an ló máa ń yọ ọ́ lẹ́nu ju òtútù lọ. Tó bá sáré díẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná kọjá bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tó fi ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú.

Ọ̀pẹ́Orí_Òkè

Ẹ̀gbọ́n Tísà, mo gbọ́ pé irun béárì funfun ṣófo nínú, pé ńṣe ló ń darí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ sára awọ rẹ̀ tó dúdú, ibẹ̀ ló ti ń rí ooru.

TísàÀjàní

Òótọ́ ni pé awọ rẹ̀ dúdú, òótọ́ sì ni pé irun náà kò ní àwọ̀, ó ṣófo nínú. Ti ìmọ́lẹ̀ yẹn ni kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti dán an wò lọ́dún 1998, ìmọ́lẹ̀ kò lè rìn jìnnà nínú irun náà kó tó parẹ́. Sì rò ó wò: àkókò tí òtútù le jù, oòrùn kì í yọ rárá lọ́hùn-ún. Kí ni irun fẹ́ darí?

Nọ́ọ̀sìRónkẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Yellowknife ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní àríwá Kánádà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí.

Ìmí àkọ́kọ́ tó o bá fà sínú ní ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo, irun inú imú á le gan-an, wàá máa mọ̀ ọ́n lára bó o ṣe ń mí. Tó o bá dijú pẹ́ díẹ̀, irun ìpéǹpéjú òkè àti ti ìsàlẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, àfi kó o fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó kó tó yọ́. Èémí tó ń jáde lẹ́nu ẹ á di yìnyín sára ìborùn. Irin gíláàsì ojú á máa ta ọ́ ní etí. Fóònù á kú láìjẹ́ pé iná inú rẹ̀ tán. Ìyẹn kò tíì pa ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń gbé èèyàn wá bá wa nílé ìwòsàn ni òógùn. Ẹ má yà á lẹ́nu. Ẹnì kan á wọ aṣọ rẹpẹtẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì kúrò níwájú ilé, ara á gbóná, òógùn á bò ó, inú rẹ̀ á dùn. Ìgbà tó bá dúró sinmi ni ìyà máa tó bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tó ti rin kì í há afẹ́fẹ́ mọ́, omi tó wà nínú rẹ̀ á máa fa ooru lára rẹ̀ lọ. Àwọn ará ibí máa ń sọ fún àlejò pé tó o bá ń jáde fún iṣẹ́ agbára, kí òtútù díẹ̀ mú ọ níbẹ̀rẹ̀. Tí ara rẹ bá ti móoru dáadáa kó o tó ṣílẹ̀kùn, aṣọ rẹ ti pọ̀ jù.

Ní ti kí òtútù jẹ ara: imú, etí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kàn. Á kọ́kọ́ máa dùn ẹ́ gidigidi. Ìgbà tí kò bá dùn ẹ́ mọ́ ni kó o bẹ̀rù. Ẹ má fi òjò dídì ra á, ẹ má nà án sórí iná, torí ibi tó ti kú kò ní mọ̀ tó bá ń jóná. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní ìwọ̀n 37 sí 39, ni kí ẹ rì í sí. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ṣì máa padà sínú òtútù, ẹ má tíì yọ́ ọ, nítorí ohun tó yọ́ tó tún dì lẹ́ẹ̀kejì ń bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọtí ńkọ́? Ó ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú awọ sílẹ̀, ara á rò pé òun móoru, bẹ́ẹ̀ ooru àárín ló ń tú jáde.

ÌyáTáyé

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè ṣàlàyé pẹ́ńgúìnì fún mi? Mo rí àwòrán wọn nínú ìjì òjò dídì, wọ́n dúró gbọnin, mo sì ń ṣàánú wọn.

AdéOlólùfẹ́Ẹyẹ

Mà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù láyé lẹ dá sílẹ̀ yìí.

Èyí tó tóbi jù nínú àwọn pẹ́ńgúìnì, tí wọ́n ń pè ní emperor, òun nìkan ni ẹyẹ tó ń sàba láàárín gbùngbùn ìgbà òtútù Antarctica. Abo á yé ẹyin kan ṣoṣo ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà, á gbé e fún akọ, á sì padà sínú òkun lọ wá oúnjẹ. Ọwọ́ baba ni gbogbo iṣẹ́ kù sí. Kò ní ìtẹ́, torí kò sí koríko, kò sí igi, kò sí òkúta. Orí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló ń gbé ẹyin náà lé, á sì fi awọ ikùn rẹ̀ bò ó. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbé ẹyin náà fúnra wọn ló léwu jù. Bó bá yí bọ́ sórí yìnyín tó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ ti kú.

Nǹkan bí ọjọ́ 65 ni baba máa fi dúró bẹ́ẹ̀. Tí a bá ka àkókò tí wọ́n fi ń yan ara wọn kún un, ó lè lo oṣù mẹ́rin láìjẹun, kó sì pàdánù tó ìdajì ara rẹ̀. Bí ọmọ bá pa kí ìyá tó dé, baba tí ebi ti ń pa yìí ṣì ń pọ ohun kan bíi wàrà jáde láti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fún ọmọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yè é? Wọ́n ń fún mọ́ra. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún akọ, nígbà mìíràn ẹgbẹẹgbẹ̀rún, á sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, wọn á tẹ orí ba. Láàárín agbo náà, ooru lè gòkè dé 37 nígbà tí ìta ṣì wà ní ogójì nísàlẹ̀ òdo. Àwọn tó ya fọ́nrán wọn kíyè sí i pé ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, ìṣísẹ̀ kékeré kan máa ń gba agbo náà já, sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ péré. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó wà ní bèbè ṣe ń wọlé díẹ̀díẹ̀, àwọn tó wà nínú á sì bọ́ sí bèbè. Kò sí ọba láàárín wọn, kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ. Mo ti wo fọ́nrán náà láìmọye ìgbà, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Dámilọ́lá_A

Ẹ̀gbọ́n Adé, ẹsẹ̀ wọn ńkọ́? Kò sí ìyẹ́ níbẹ̀, orí yìnyín ni wọ́n sì dúró sí.

AdéOlólùfẹ́Ẹyẹ

Inú ẹsẹ̀ wọn, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gbígbóná bọ̀ láti ọkàn fẹ̀gbẹ́ kan èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tútù padà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ̀ á fún èyí tó ń gòkè ní ooru rẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tó bá fi máa dé ìka ẹsẹ̀, ó ti tutù tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín kò rí ohun púpọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kàn ń wà díẹ̀ lókè ibi tí ara ti ń dì. Bí òtútù bá wá le jù, wọ́n á gbé ìka sókè, wọ́n á fi gìgísẹ̀ àti ìrù ti ara wọn. Irú iṣan bẹ́ẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun àti àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín náà.

ÌyáTáyé

Ó ga o. Àgbọ̀nrín yẹn náà ni mo kà nípa rẹ̀ pé ojú rẹ̀ ń pa àwọ̀ dà: ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ ń tàn bíi wúrà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń di búlúù nígbà òtútù kó lè ríran nínú òkùnkùn oṣù gbọọrọ.

KúnléOnímọ̀

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí èèyàn, torí Dámilọ́lá béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn yàtọ̀. A kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ tì. Lọ́dún 2015, ìwádìí kan jáde lórí àwọn Inuit, ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ yìnyín Àríwá, tó wà ní Greenland. Wọ́n rí i pé gẹ́ẹ̀nì tó ń darí bí ara ṣe ń lo ọ̀rá ti yí padà láàárín wọn láti ìrandíran, nítorí ọ̀rá ẹja àti ti ẹran òkun ni wọ́n ń jẹ. Gẹ́ẹ̀nì mìíràn tí wọ́n rí níí ṣe pẹ̀lú bí ara ṣe ń pín ọ̀rá kiri. Bákan náà, ìwádìí láàárín àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Àríwá, títí kan àwọn Yakut, fi hàn pé ara wọn ń jó oúnjẹ ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, kódà tí wọ́n bá jókòó láìṣe nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ o.

AlàgbàFẹ́mi

Kúnlé, mo gbà pé gẹ́ẹ̀nì wà. Ṣùgbọ́n ta ni gẹ́ẹ̀nì gbà là ní ìwọ̀n 50 nísàlẹ̀ òdo ní ìhòòhò? Kò sí. Ìmọ̀ ni, àbúrò mi.

Wo John Franklin. Lọ́dún 1845 ó kó ọkọ̀ ojú omi méjì, Erebus àti Terror, kúrò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí àríwá Kánádà. Yìnyín há wọn mọ́ lẹ́bàá erékùṣù King William. Ọkùnrin 129 ló kú, ẹnì kan kò padà. Agbègbè yẹn kan náà ni àwọn Inuit tí wọ́n ń pè ní Netsilik ń gbé, wọ́n ń ṣọdẹ, wọ́n ń tọ́mọ.

Lọ́dún 1903, Roald Amundsen ará Nọ́wè dé erékùṣù kan náà. Ó fi ọdún méjì gbé pẹ̀lú àwọn Netsilik, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọṣọ, bí wọ́n ṣe ń da ajá, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé òjò dídì. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1911, òun àti àwọn mẹ́rin dé Ìpẹ̀kun Gúúsù ayé, gbogbo wọn sì padà láàyè. Robert Scott ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ibẹ̀ lọ́jọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1912. Òun àti àwọn mẹ́rin tó bá a lọ kú lọ́nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Mi ò ní sọ pé aṣọ nìkan ló pa wọ́n. Ebi wà ńbẹ̀, àárẹ̀ wà ńbẹ̀, ojú ọjọ́ sì le sí wọn. Àmọ́ ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: àwọn fúnra wọn ló ń fi okùn fa ẹrù lórí yìnyín. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ òógùn tí Nọ́ọ̀sì sọ.

Nínú ikọ̀ Scott yìí kan náà, ní àárín ìgbà òtútù ọdún 1911, Wilson, Bowers àti Cherry-Garrard rìn nínú òkùnkùn lọ sí Cape Crozier láti kó ẹyin pẹ́ńgúìnì tí Adé ń sọ. Òtútù lọ kọjá ìwọ̀n 60 nísàlẹ̀ òdo. Òógùn àti èémí wọn dì sínú aṣọ àti sínú àpò tí wọ́n ń sùn sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Cherry-Garrard jáde nínú àgọ́, ó gbójú sókè láti wòye, aṣọ rẹ̀ sì dì síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fún wákàtí mélòó kan tó fi ń fa ẹrù, kò lè tẹ orí ba. Akíkanjú ni wọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Àmọ́ aṣọ wọn kò mọ ibi tí òógùn ń gbà jáde.

KúnléOnímọ̀

Bàbá, mo gbọ́. Ó wù mí kí ẹ sọ bí aṣọ Inuit fúnra rẹ̀ ṣe rí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

AlàgbàFẹ́mi

Ìpele méjì ni, awọ àgbọ̀nrín caribou. Ti inú, irun rẹ̀ dojú kọ ara. Ti òde, irun rẹ̀ dojú kọ ìta. Irun àgbọ̀nrín yìí ṣófo nínú, nítorí náà afẹ́fẹ́ wà nínú irun, afẹ́fẹ́ wà láàárín irun, afẹ́fẹ́ tún wà láàárín ìpele méjèèjì. Aṣọ náà tú, kò fún. Bí ara bá ń gbóná, wọ́n á tú ọrùn rẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin á gba ibẹ̀ jáde. Tí wọ́n bá dúró, wọ́n á tún pa á dé. Etí fìlà rẹ̀, irun wolverine, ẹranko ìgbẹ́ Àríwá kan, ni wọ́n fẹ́ràn láti fi ṣe é, torí yìnyín tó bá ti ara èémí dì sórí rẹ̀ rọrùn láti gbọ̀n dànù. Bàtà awọ síìlì, ẹran òkun kan, iṣan ẹran ni wọ́n fi ń rán an. Tí iṣan náà bá kan omi, á wú, á dí ojú abẹ́rẹ́ pa. Àwọn obìnrin ló ń rán gbogbo rẹ̀. Ọdẹ tí ìránṣọ rẹ̀ bá já ní ojú kan, ibẹ̀ ni ikú máa gbà wọlé. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ka orúkọ àwọn akọni ilẹ̀ yìnyín, ẹ ka àwọn ìyá tó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Àwọn Sámì ní àríwá Nọ́wè àti Swídìn ní tiwọn, koríko gbígbẹ ni wọ́n ń dì sínú bàtà dípò ìbọ̀sẹ̀. Tó bá di alẹ́, wọ́n á yọ koríko náà, wọ́n á fi iná gbẹ ẹ, ó di òwúrọ̀ kí wọ́n tó tún dì í padà. Amundsen náà lo koríko yìí.

Ilé òjò dídì ńkọ́? Òjò dídì tí atẹ́gùn ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń gé, torí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ibùsùn wà lókè. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń dúró sí. Afẹ́fẹ́ tó móoru á gòkè lọ bá àwọn tó sùn. Fìtílà kan tí wọ́n fi òkúta gbẹ́, epo síìlì nínú rẹ̀, ewéko gbígbẹ ní òwú rẹ̀, òun àti ara àwọn tó wà nínú ilé tó láti mú ibẹ̀ wà nítòsí òdo tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìta wà ní 40 nísàlẹ̀. Wọn kì í gbàgbé ihò kékeré lókè fún èéfín.

Ọ̀pẹ́Orí_Òkè

Ní ìlú ńlá ńkọ́? Mo gbọ́ pé Yakutsk, olú ìlú Yakutia, ju 300,000 èèyàn lọ.

TísàÀjàní

Bẹ́ẹ̀ ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ dì gbagidi láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ooru ilé sì lè yọ́ ọ kí ilé máa rì. Nítorí náà, wọ́n gbé ilé lé orí òpó kọnkéré, atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Páìpù omi gbígbóná wà lókè ilẹ̀, a fi nǹkan wé e. Ní ìwọ̀n 38.8 nísàlẹ̀ òdo, mẹ́kúrì inú ohun ìwọn-ooru máa ń dì, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọtí aláwọ̀ ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀.

AdéOlólùfẹ́Ẹyẹ

A ti ń sọ ti àwọn tó ń pa ooru mọ́. Àwọn kan wà tó ti fi ìjà sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀lọ́ inú igbó kan wà ní Alaska àti Kánádà, inú ewé gbígbẹ ló ń sùn sí nígbà òtútù. Tí òtútù bá wọlé, omi ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, tó ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀. Ọkàn á dúró. Kò ní mí mọ́. Tó o bá gbé e, le koko ló máa le.

ÌyáTáyé

Ó ti kú nìyẹn!

AdéOlólùfẹ́Ẹyẹ

Kò kú, mà. Bí yìnyín àkọ́kọ́ ṣe kan awọ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á tú ṣúgà rẹpẹtẹ sínú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà náà á wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì. Yìnyín á dì sáàárín wọn, kò ní dì sínú wọn. Tí ìgbà òtútù bá parí, á yọ́, ọkàn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù, á fò lọ wá aya.

Ọ̀kẹ́rẹ́ inú ilẹ̀ náà wà lọ́hùn-ún, ó ń sùn tó oṣù méje sí mẹ́jọ. Lọ́dún 1989, Brian Barnes ní Fairbanks, ìlú tí àbúrò Dámilọ́lá ń lọ gan-an, fi hàn pé ara ọ̀kẹ́rẹ́ yìí ń wálẹ̀ dé ìwọ̀n 2.9 nísàlẹ̀ òdo, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì dì. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta síra wọn, á gbọ̀n ara rẹ̀ padà sí 36 tàbí 37 fún wákàtí díẹ̀, á tún padà sùn.

Ẹja inú òkun Antarctica ń gbé nínú omi tó tutù dé 1.9 nísàlẹ̀ òdo, torí iyọ̀ kò jẹ́ kí omi òkun tètè dì. Ẹ̀jẹ̀ ẹja mìíràn á dì níbẹ̀. Arthur DeVries ló ṣàwárí nínú àwọn ọdún 1960 pé àwọn ẹja yìí ní purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń lẹ̀ mọ́ ègé yìnyín wíntín tó bá fẹ́ dàgbà, tí kò ní jẹ́ kó tóbi. Ìdílé kan wà láàárín wọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò pupa rárá, ó mọ́ bí omi, torí òkun tútù kún fún afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi nílò ohun pupa tó ń gbé e.

Nọ́ọ̀sìRónkẹ́

Èèyàn kò lè ṣe bí ọ̀pọ̀lọ́ yẹn, ṣùgbọ́n òtútù tó ń pa ni ti dáàbò bo ẹnì kan rí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1999, dókítà obìnrin kan, Anna Bågenholm, ṣubú sínú odò tó dì nítòsí Narvik ní Nọ́wè, ó sì há sábẹ́ yìnyín fún ìṣẹ́jú 80. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ní Tromsø, ara rẹ̀ wà ní 13.7, ọkàn rẹ̀ ti dúró. Wọ́n fi ẹ̀rọ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ síta, wọ́n ń mú un móoru, wọ́n ń dá a padà. Ó yè, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ dókítà. Kí ọ́síjìn tó tán, ọpọlọ rẹ̀ ti tutù débi pé ohun tó nílò kò tó nǹkan mọ́. Nítorí náà, lẹ́nu iṣẹ́ wa, a kì í pe ẹni tó tutù ní òkú títí a ó fi mú ara rẹ̀ móoru ná.

Dámilọ́lá_A

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìbéèrè mi ìkẹyìn ló kù: aláwọ̀ dúdú ńkọ́?

AlàgbàFẹ́mi

Ka ìtàn Matthew Henson. Aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n bí i ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1866. Ó bá Robert Peary, ará Amẹ́ríkà tó ń wá Ìpẹ̀kun Àríwá, rin ìrìn àjò Àríwá fún nǹkan bí ọdún méjìdínlógún. Ó gbọ́ èdè Inuit, ó ń kan ọkọ̀ orí yìnyín, ó ń da ajá dé ibi tí àwọn Inuit fúnra wọn fi yìn ín. Lọ́dún 1909, òun, Peary àti àwọn Inuit mẹ́rin, Ootah, Egingwah, Seegloo àti Ooqueah, ló lọ jìnnà jù. Wọ́n ṣì ń jiyàn bóyá ojú Ìpẹ̀kun Àríwá gan-an ni wọ́n dé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé Henson lọ, ó sì bọ̀. Peary ni òtútù gba ìka ẹsẹ̀ mẹ́jọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sìRónkẹ́

Bàbá ti sọ òótọ́, èmi náà á sì sọ òdì kejì rẹ̀, torí ọmọdébìnrin náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ìwádìí láàárín àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé òtútù máa ń ṣe ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn tó jẹ́ ìran Áfíríkà léṣe ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn aláwọ̀ funfun lọ, bí wọ́n tilẹ̀ jọ wà lójú kan náà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ìka wa máa ń sún kì tí òtútù bá dé, ó sì máa ń pẹ́ kó tó ṣí padà. Ìyẹn kò ní kó má lọ. Ó ní kó tètè wọ ìbọ̀wọ́, kó má dúró dìgbà tó bá ń dùn ún.

Ohun mìíràn: ìwé ìtọ́jú máa ń kọ ọ́ pé ibi tí òtútù bá jẹ á pọ́n, á wá funfun. Lára awọ dúdú, pípọ́n yẹn kì í hàn. Kó wo ibi tó bá rí bí eérú, tó ń dán, tó le lọ́wọ́, tí kò mọ ìfọwọ́kàn. Kí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ máa wo ojú ara wọn lóòrèkóòrè tí wọ́n bá wà níta.

Bàtà rẹ̀, kó rà á kó tóbi díẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ, torí èyí tó bá fún ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Kó má fi aṣọ òwú ṣe èyí tó kan ara, òwú ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Ní ti ìbọ̀wọ́, èyí tí gbogbo ìka jọ ń wà pa pọ̀ nínú rẹ̀ ni kó rà, kó sì wọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ rẹ̀, kó má bàa fi ọwọ́ lásán kan irin nígbà tó bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn.

Dámilọ́lá_A

Mo ti fi ránṣẹ́ sí i báyìí, mà. Ó ní kí n bi yín: òun ń lo gíláàsì ojú onírin, ṣé kí òun pààrọ̀ rẹ̀?

Nọ́ọ̀sìRónkẹ́

Kó pààrọ̀ rẹ̀ sí oníke kó tó lọ. Kí ó sì má fi ìborùn bo imú tààrà lábẹ́ gíláàsì, èémí á dì sójú rẹ̀, kò ní ríran. Kó fà á sísàlẹ̀ díẹ̀ kí èémí lè gba iwájú jáde.